Ọ̀sán Tí Àǹtí Lọ́yà Bi Mí Léèrè

Òórùn bísíkíìtì ló máa ń jí mi nígbà tí mo wà ní kékeré. Kí oòrùn tó yọ, kí ọkọ̀ òfúrufú àkọ́kọ́ tó fi ariwo gba orí òrùlé wa kọjá, òórùn náà á ti gba ojú fèrèsé wọlé, á dùn, á móoru, bí ẹni pé ẹnì kan ń yan ṣúgà àti bọ́tà fún gbogbo àdúgbò. Láti Industrial Estate ló ti ń wá, níbi tí Màmá mi ti ń ṣiṣẹ́, ní ẹ̀ka tí wọ́n ti ń di bísíkíìtì sínú ọ̀rá. Tí wọ́n bá ṣe iṣẹ́ òru, òwúrọ̀ ni wọ́n máa ń dé, òórùn náà á sì bá wọn wọlé, nínú irun wọn, nínú ìró wọn, ní àtẹ́lẹwọ́ wọn. Màá di ìró náà mú, màá fi ojú pamọ́ sínú rẹ̀, màá sì tún sùn díẹ̀ lórí ìdúró. Mo rò nígbà náà pé bí òórùn gbogbo ìyá ṣe máa ń rí nìyẹn.

Yàrá méjì la gbà nínú ilé alágbàlá kan ní Ìsọlọ̀, tí kò jìnnà sí ilé tí wọ́n ti bí Màmá. Kànga wà láàárín àgbàlá, igi fùrúùtù kan sì dúró tì í, tí ewé rẹ̀ máa ń pọ́n bí ẹ̀jẹ̀ kó tó já bọ́ sínú omi. Àwa ọmọdé a máa fi korobá yọ ewé náà, a máa tẹ́ ẹ sórí òkúta ìfọṣọ kó lè gbẹ. Ọmọ Ìsọlọ̀ pọ́ńbélé ni Màmá mi, ìdílé Mùsùlùmí. Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì ni Dádì ti wá. Tíṣà ni wọ́n, ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì sì ni wọ́n. Bí wọ́n ṣe pàdé ara wọn ò tíì yé mi dòní, torí olúkúlùkù wọn ló ní ìtàn tirẹ̀, ìtàn méjèèjì ò sì jọra.

Ohùn Dádì ni mo rántí ju ojú wọn lọ. Ohùn náà wúwo, ó sì rọra, ó máa ń sinmi díẹ̀ kó tó dé ìparí ọ̀rọ̀, bí ẹni tó ń yẹ ilẹ̀ wò kó tó gbé ẹsẹ̀ lé e. Bí àwọn ayálégbé bá ń jà nídìí kànga, Dádì á jáde pẹ̀lú ìwé ìròyìn lọ́wọ́, wọ́n á ní, "Ohùn pẹ̀lẹ́ ní ń yọ obì lápò, ohùn líle ní ń yọ ọfà lápó," wọ́n á sì wọlé padà. Nígbà míì ìjà náà á parí. Nígbà míì àwọn tó ń jà á pa ìjà tiwọn tì, wọ́n á kọjú sí Dádì.

Òjò ń rọ̀ lọ́wọ́ nígbà tí Dádì kú. Ibà ni wọ́n kọ́kọ́ pè é. Nígbà tó yá, wọ́n gbé wọn lọ sí ọsibítù, wọn ò sì padà wálé mọ́. Mi ò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́wàá. Gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn dà bí ohun tí èèyàn ń wò láti ìsàlẹ̀ omi: ojú àwọn èèyàn ń tóbi, ó tún ń kéré, ẹnu wọn ń ṣí, ó ń pa dé, ọ̀rọ̀ ibẹ̀ ò sì dé etí mi. A lọ sìnkú wọn ní Ìkẹ́rẹ́, a sì padà. Mo rántí bàtà Dádì lẹ́nu ilẹ̀kùn, tí ẹnikẹ́ni ò láyà láti gbé kúrò. Mo rántí bí mo ṣe máa ń jókòó lábẹ́ igi fùrúùtù lẹ́yìn ilé ìwé, tí màá gbé ojú sókè wo àwọn ọkọ̀ òfúrufú tó ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sí pápákọ̀, ikùn wọn funfun lókè orí wa bí ikùn ẹja. Mo gbà nínú ọkàn mi pé ọ̀kan nínú wọn ló gbé Dádì lọ. Mi ò kàn mọ èyí tó jẹ́ ni.

Ní ọjọ́ kan, mo ń ti ilé ìwé bọ̀, mo gbọ́ ohùn Dádì nínú pálọ̀ wa.

Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ohùn náà ni: ìwúwo rẹ̀, ìrọra rẹ̀, àní bó ṣe ń sinmi kó tó parí ọ̀rọ̀. Mo sáré wọlé, báàgì ilé ìwé mi sì já bọ́. Bàbá kan tí irun wọn ti funfun ló jókòó sórí àga Dádì, tí wọ́n gbé fìlà wọn lé orúnkún. Bàbá Ìkẹ́rẹ́ ni, ẹ̀gbọ́n Dádì. Mo ti rí wọn níbi ìsìnkú, ṣùgbọ́n wọn ò la ẹnu sọ ohunkóhun lọ́jọ́ náà. Wọ́n na ọwọ́ sí mi. "Ìbídùn, wá," ni wọ́n wí, mo sì lọ, bí ẹni tí oorun ń gbé rìn, mo gbé orí lé èjìká wọn, mo di ojú mi.

Orí èjìká yẹn ni mo wà tí mo fi gbọ́ ohun tí wọ́n bá wá. "Ìyàwó wa," ni wọ́n sọ fún Màmá, "o ṣe dáadáa, a ò ní gbàgbé. Ṣùgbọ́n ilé bàbá ọmọ lọmọ ń gbé. Ìwọ ń ṣiṣẹ́ òru. Ta ni yóò wà pẹ̀lú ọmọ yìí báyìí? Tí wọ́n bá ti gba ìsinmi, màá wá mú un lọ sílé."  Nígbà tí mo lajú, Màmá ń wo ọwọ́ Bàbá Ìkẹ́rẹ́ tó ń na irun mi sẹ́yìn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

Bàbá Ìkẹ́rẹ́ ò dúró de ìsinmi. Ọyẹ́ ti dé, òwúrọ̀ sì funfun bí ẹfun, lọ́jọ́ tí mo jókòó nínú kíláàsì tí mo gbọ́ ohùn náà lójú fèrèsé. "Ìbídùn, dìde, jẹ́ ká lọ." Tíṣà wa mọ̀ wọ́n sí ẹ̀gbọ́n Dádì, ó kí wọn, ó sì ní kí n kó ìwé mi. Mi ò bèèrè ibi tí à ń lọ. Bàbá Ìkẹ́rẹ́ di ọwọ́ mi mú, a rìn gba inú eruku ọyẹ́ títí a fi wọ mọ́tò. Òṣòdì tí mo mọ̀, tí ariwo rẹ̀ máa ń dẹ́rù bà mí, kò dún létí mi lọ́jọ́ náà. Àwọn èèyàn ń yọ jáde látinú ọyẹ́, wọ́n tún ń wọ inú rẹ̀ lọ, ẹni tó ru búrẹ́dì, ẹni tó gbé aago ọwọ́ sórí páálí, gbogbo wọn bí òjìji. Ní páàkì, a jókòó sínú ọkọ̀ tó ń lọ sí Adó, tí ò tíì kún. Bàbá Ìkẹ́rẹ́ ra búrẹ́dì fún mi, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún mi nípa òkè àpáta kan nílé wa tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ tí ìkùukùu máa ń sùn sórí rẹ̀, bí Dádì ṣe gùn ún nígbà tó wà lọ́mọdé tí ẹ̀rù bà á láti sọ̀ kalẹ̀, tí àwọn fi gun òkè lọ gbé e pọ̀n. Mo gbé orí tì wọ́n. Bí wọ́n bá ní ìlú òkú là ń lọ, màá bá wọn lọ, kí ohùn náà ṣáà má dákẹ́.

Àfi bí mo ṣe rí ojú Màmá lẹ́nu ilẹ̀kùn ọkọ̀. Aṣọ iṣẹ́ wà lára wọn, fìlà iléeṣẹ́ ṣì wà lórí wọn, ìyẹ̀fun bísíkíìtì funfun láyìíká ìpéǹpéjú wọn. Ọ̀gá ilé ìwé wa ló pè wọ́n lórí fóònù, ó fẹ́ mọ̀ bóyá àwọn ló rán Bàbá wá mú mi, Màmá sì sáré wá sí páàkì tí ọkọ̀ Èkìtì ti ń gbéra. Wọn ò pariwo. Wọ́n di ilẹ̀kùn ọkọ̀ mú.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi lọ́mọ mi."

"Ọmọ ta ni?" ni Bàbá Ìkẹ́rẹ́ bèèrè. "Kí ni orúkọ bàbá rẹ̀?"

Àwọn èrò dá sí i. Àwọn kan ní bàbá ló lọmọ, àwọn kan ní ṣé bàbá ló fi oṣù mẹ́sàn-án gbé e ni? Màmá ti bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, láì gbé ọwọ́ kúrò lára ilẹ̀kùn. Dírẹ́bà ló parí rẹ̀. Ó ní òun ò lè gbé ọmọ tí ìyá rẹ̀ ń sunkún lẹ́nu ọkọ̀, ọ̀nà jìn. Bàbá Ìkẹ́rẹ́ gbé mi sọ̀ kalẹ̀ fúnra wọn, wọ́n fi ọwọ́ mi lé Màmá lọ́wọ́. "Màá padà wá," ni wọ́n sọ, "mi ò sì ní dá wá." Lọ́nà ilé, èmi náà ń sunkún. Gbogbo ẹni tó rí mi rò pé ìbẹ̀rù ló ń pa mí lẹ́kún.

Láti ọjọ́ náà ni ìmọ̀ràn ti ń wọ ilé wa bí omi òjò tó ń jò wọlé. Ìyá Àgbà, ìyá Màmá mi, ní kí wọ́n gbé mi pamọ́ sọ́dọ̀ ìbátan wa kan ní Bàdágìrì. Onílé wa ní kí wọ́n lọ fi ẹjọ́ sun ọlọ́pàá. Màmá ò lè fi mí sílẹ̀ lọ síṣẹ́ mọ́ kí ọkàn wọn balẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ pọn omi, wọ́n á ní kí n wá dúró níbi tí ojú àwọn á ti tó mi. Ọ̀rẹ́ wọn kan níbi iṣẹ́, Ìyá Ṣùkúrà, ló wá bá wọn nílé ní ọjọ́ Àìkú kan. Ó ní lọ́yà obìnrin kan wà ní òpópónà lẹ́yìn ọjà, lókè ilé tí àwọn télọ̀ wà.

"Lọ́yà kẹ̀?" ni Màmá wí. "Àwọn tó ń sọ̀rọ̀ bíi rédíò? Kí ni màá bá wọn sọ? Ṣé èmi ni mo ní ilẹ̀ ni àbí mo pààyàn?"

"Yorùbá ló máa ń bá èèyàn sọ," ni Ìyá Ṣùkúrà dáhùn. "Nígbà tí onílé fẹ́ lé ọkọ mi kúrò ní ṣọ́ọ̀bù, òun la lọ bá. A ò tiẹ̀ dé kóòtù."

 Nígbà tí Ìyá Ṣùkúrà lọ tán, mo gbọ́ tí Màmá ń sọ ọ́ fún ara wọn nídìí ààrò, "Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà."

Ọ̀sán la lọ. Màmá wọ léèsì tí wọ́n máa ń wọ lọ́jọ́ Iléyá, wọ́n sì fi òróró ra ẹsẹ̀ mi. Nígbà tí a dé ìdí àtẹ̀gùn, wọ́n tún kọ́là aṣọ mi ṣe, wọ́n tún gèlè wọn dè, wọ́n wo òkè, wọ́n sì yí padà. A jáde padà sójú títì. Tírélà ńlá kan tó ń bọ̀ láti Industrial Estate ń kọjá lọ, ó gùn bí ẹni pé kò ní tán láé, a ò sì lè sọdá. A dúró sínú eruku rẹ̀. Nígbà tó kọjá tán, Màmá mí kanlẹ̀, wọ́n mú ọwọ́ mi, a sì padà lọ gun àtẹ̀gùn.

Ilẹ̀kùn ò tì. Kọ́tìnì aláwọ̀ ewé ń fẹ́ wọlé, ó ń fẹ́ jáde. Inú yàrá náà kéré, fáànù kan ń yí orí rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì bí arúgbó tó ń sọ pé rárá, ìró ẹ̀rọ ìránṣọ àwọn télọ̀ sì ń gba abẹ́ ilẹ̀ wá, ó ń mì mí lẹ́sẹ̀. Ìwé ńláńlá kún ara ògiri kan. Lórí ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ohun kan wà tó funfun, tó lọ́ pọ̀, mo sì rò pé ẹran ọ̀sìn kékeré kan ló ń sùn síbẹ̀. Irun tí àwọn lọ́yà ń dé lọ sí kóòtù ni. Obìnrin tó wà nídìí tábìlì ń jẹ ẹ̀pà sísè nínú bébà. Ó dìde, ó kúnlẹ̀ díẹ̀ kí Màmá, ó fa àga.

"Ẹ jókòó, mà. Ẹ mu omi ná, àtẹ̀gùn yẹn ò dáa." Ó sún ẹ̀pà náà síwájú mi. "Kí lorúkọ ẹ?"

Màmá ti kó gẹ̀ẹ́sì kan jọ láti ilé. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ó já láàárín, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀, ó tún já. Àǹtí Lọ́yà, bí mo ṣe ń pè wọ́n títí dòní, gbé bírò wọn sílẹ̀. "Mà, ẹ sọ ọ́ bí ẹ ṣe máa sọ ọ́ fún àbúrò yín." Ni Màmá bá sọ ọ́. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ibi ibà Dádì, wọ́n sọ ọ́ dé páàkì Òṣòdì, wọ́n sọ àwọn nǹkan tí mi ò gbọ́ rí, pé oorun ti dá àwọn lójú, pé bí àwọn bá gbọ́ ìró ọkọ̀ níta, àyà àwọn á já. Àǹtí Lọ́yà ò dá ọ̀rọ̀ mọ́ wọn lẹ́nu. Ẹ̀rọ àwọn télọ̀ ń lọ nísàlẹ̀, fáànù ń yíjú.

Nígbà tí Màmá parí, Àǹtí Lọ́yà sọ̀rọ̀ tó yé mi, èmi ọmọdé. Wọ́n ní òfin Ìpínlẹ̀ Èkó ò ka ọmọ sí àga tí ìdílé ń jogún. Ire ọmọ ni òfin ní kí a kọ́kọ́ wò. "Ẹ̀yin ni ìyá ẹ̀, ẹ sì ń tọ́jú ẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò lè kàn yọ sí ilé ìwé kó mú un lọ. Tí ìyẹn bá tún ṣẹlẹ̀, kóòtù ìdílé wà fún irú ẹ̀, kíá ni mo máa wà níbẹ̀. Lónìí, a máa lọ bá ọ̀gá ilé ìwé, kí wọ́n mọ ẹni tó lè mú un àti ẹni tí ò lè mú un. Lẹ́yìn náà, ẹ fún mi ní nọ́ńbà Bàbá."

"Kí lẹ fẹ́ fi ṣe?" ni Màmá bèèrè. Ẹ̀rù tún ti wọ inú ojú wọn.

"Mo fẹ́ gbọ́ tẹnu wọn náà. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà."

Lẹ́yìn náà ni wọ́n yí àga wọn sọ́dọ̀ mi. "Ìbídùn, ìwọ ńkọ́? Kí ni ìwọ fẹ́?"

Kò tíì sí ẹni tó bi mí ní ìbéèrè yẹn láti ìgbà tí Dádì ti kú. Wọ́n ti bi mí bóyá mo ti jẹun, bóyá mo ti wẹ̀, bóyá mo fẹ́ràn bàbá mi. Mo wo Màmá. Mo wo ilẹ̀. Àǹtí Lọ́yà ò sọ pé kí n yára. Wọ́n ń bó ẹ̀pà kan pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni pé gbogbo ọ̀sán ọjọ́ náà jẹ́ tèmi.

"Mo fẹ́ máa gbé lọ́dọ̀ Màmá mi," ni mo wí níkẹyìn. "Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kí Bàbá Ìkẹ́rẹ́ bínú lọ."

"Kí ló dé?"

"Ohùn Dádì mi wà lẹ́nu wọn."

Ife omi tó wà lọ́wọ́ Màmá dúró lójú ọ̀nà ẹnu. Mo rò pé mo ti sọ ohun tí kò dáa. Màmá gbé ife náà sílẹ̀, wọ́n fà mí mọ́ra, wọ́n sì wí sínú irun mi, "Èmi náà gbọ́ ọ. Ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ wá, èmi náà gbọ́ ọ." Kí a tó lọ, wọ́n bèèrè iye tí àwọn máa san, mo sì rí i tí èjìká wọn sọ̀ kalẹ̀ nígbà tí Àǹtí Lọ́yà dárúkọ iye tí agbára wọn ká.

Bàbá Ìkẹ́rẹ́ dá wá ni. Ọjọ́ tí wọ́n wá bá èmi àti Màmá lọ́dọ̀ Àǹtí Lọ́yà, ọyẹ́ ti ń ká, oòrùn sì gba ojú fèrèsé ọ́fíìsì náà wọlé, ó tẹ́ ara rẹ̀ sórí tábìlì. Wọn ò fọwọ́ kan omi tí Àǹtí Lọ́yà gbé fún wọn. Wọ́n wo Àǹtí Lọ́yà látòkè délẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Àǹtí Lọ́yà kúnlẹ̀ kí wọn.

"Ìwọ ọmọ yìí lo fẹ́ kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń ṣe ìdílé?"

"Rárá o, Bàbá. Mi ò tó bẹ́ẹ̀."

"A kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Ṣé o gbọ́ ìyẹn rí?"

"Mo gbọ́ ọ, sà. Ìdí tí mo fi bẹ̀ yín wá síbí nìyẹn. Ibí kì í ṣe kóòtù, àga àti fáànù ló wà níbí. Ṣùgbọ́n mi ò ní tàn yín, Bàbá. Tí ẹ bá tún lọ mú ọmọ yìí ní ilé ìwé, kóòtù ni màá gbà lọ, kóòtù ò sì ní gbè sẹ́yìn yín." Wọ́n sọ ọ́ láìgbé ohùn sókè. Wọ́n wá fi ọwọ́ méjèèjì lé tábìlì. "Bàbá, kí ni ẹ̀ ń bẹ̀rù?"

Mo rò pé Bàbá Ìkẹ́rẹ́ máa dìde. Ẹ̀rọ àwọn télọ̀ dákẹ́ nísàlẹ̀, bí ẹni pé àwọn náà ń gbọ́. Nígbà tí Bàbá sọ̀rọ̀, ojú fèrèsé ni wọ́n kọjú sí.

"Èmi ni mo gbé bàbá ọmọ yìí pọ̀n lọ sí ilé ìwé lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Èmi náà ni mo tún bu iyẹ̀pẹ̀ sí i lórí. Bí ọmọ ẹ̀ bá dàgbà síbí, kò ní gbọ́ èdè wa, kò ní mọ òkè wa. Lọ́jọ́ kan yóò gba iwájú ilé mi kọjá, kò sì ní mọ̀ mí. Ọjọ́ yẹn ni àbúrò mi máa tún kú."

Àǹtí Lọ́yà wo Màmá. Màmá ló sọ ọ́ fún Bàbá, ohun tí mo sọ lórí àga yẹn, pé ohùn Dádì wà lẹ́nu wọn. Bàbá Ìkẹ́rẹ́ gbọ́ ọ, wọ́n yíjú sí mi. Wọ́n bọ́ fìlà wọn, wọ́n fi bo ẹnu, èjìká wọn ń mì. Èmi ò mọ ohun tó yẹ kí n ṣe. Mo gbé omi tí wọn ò mu fún wọn. Wọ́n mu ún tán.

Ọ̀sán náà gùn lẹ́yìn ìyẹn, ó sì rọlẹ̀. Àǹtí Lọ́yà kọ gbogbo ohun tí wọ́n jọ fẹnu kò sí ní gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì kà á ní Yorùbá fún wọn ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan: pé ọ̀dọ̀ Màmá ni màá máa gbé, pé Ìkẹ́rẹ́ ni màá ti máa lo ìsinmi gígùn, pé ẹnikẹ́ni ò ní mú mi rìnrìn àjò láìjẹ́ pé ẹnì kejì mọ̀, pé Bàbá á máa pè mí lórí fóònù ní gbogbo ọjọ́ Àìkú. Màmá ní kí wọ́n fi kún un pé wọ́n gbọ́dọ̀ dá mi padà kí ilé ìwé tó wọlé. Bàbá ní kí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé wọn ò gbọ́dọ̀ fi mí rẹ́rìn-ín bí mo bá ń sọ èdè Èkìtì ní Ìsọlọ̀. Àǹtí Lọ́yà kọ ọ́, láìrẹ́rìn-ín. Wọ́n ní àwọn á gbé e lọ síwájú kóòtù ìdílé kó lè fẹsẹ̀ múlẹ̀. Nígbà tí a sọ̀ kalẹ̀, Bàbá Ìkẹ́rẹ́ ló di ọwọ́ mi kan mú, Màmá di èkejì mú, títí a fi délé.

Kì í ṣe pé gbogbo nǹkan wá dán bí omi òjò. Ọdún kan wà tí Bàbá Ìkẹ́rẹ́ dá mi dúró kọjá ìgbà tí wọ́n dá, torí pé wọ́n fẹ́ kí n jẹ iṣu tuntun, Màmá sì ti wà lẹ́nu ilẹ̀kùn Àǹtí Lọ́yà kí wọ́n tó ṣí ọ́fíìsì. Ìpè fóònù kan ló parí ìyẹn. Ṣùgbọ́n mo gbọ́ èdè Èkìtì. Mo gun òkè náà, ẹ̀rù ò sì jẹ́ kí èmi náà lè sọ̀ kalẹ̀. Ní ọjọ́ ìgbéyàwó mi, Bàbá Ìkẹ́rẹ́ àti Màmá jókòó pọ̀, wọ́n jọ ń ṣàríwísí jọ̀lọ́ọ̀fù ráìsì àwọn àna wa.

Àjàó Estate ni mo ń gbé báyìí, pẹ̀lú ọkọ mi àti ọmọbìnrin wa. Lẹ́nu àìpẹ́ yìí, òjò ká mi mọ́ ní Apakun bí mo ṣe ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀, mo sáré wọ abẹ́ agboòrùn ìyá kan tó ń yan bọ̀ọ̀lì. Obìnrin kan ti wà níbẹ̀ tó ń ra tirẹ̀, irun rẹ̀ ti ń funfun níwájú. Mo wò ó títí. "Àǹtí Lọ́yà?" Wọn ò kọ́kọ́ dá mi mọ̀. Nígbà tí mo dárúkọ Màmá, wọ́n fi bọ̀ọ̀lì sílẹ̀, wọ́n dì mọ́ mi. A dúró síbẹ̀ títí òjò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dá. Mo sọ fún wọn pé láti ọjọ́ náà ni mo ti ń sọ ìtàn obìnrin tí kò bẹ̀rù àgbà, tí kò bẹ̀rù ẹnikẹ́ni.

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omijé fi jáde lójú wọn. "Èmi? Ẹsẹ̀ mi ń gbọ̀n lábẹ́ tábìlì ni o! Ẹjọ́ lórí ọmọ tí mo máa kọ́kọ́ dá gbà nìyẹn. Mi ò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Mo ń rò ó nínú mi pé, tí bàbá yìí bá dìde báyìí, kí ni mo fẹ́ sọ fún màmá ọmọ yìí?"

Mo bá wọn rẹ́rìn-ín, a gba nọ́ńbà ara wa, a pínyà. Ṣùgbọ́n mi ò lè wọ mọ́tò kíá. Mo dúró lẹ́bàá títì, mo ń ṣírò rẹ̀. Ọjọ́ orí tí wọ́n wà nígbà náà ni mo wà báyìí. Mo ti rò pé àgbàlagbà ni wọ́n, pé wọ́n ti wà bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ayé, pẹ̀lú gbogbo ìdáhùn nínú ìwé ara ògiri yẹn. Bẹ́ẹ̀ náà lọmọ mi ń wò mí báyìí tó bá bi mí ní ohun tí mi ò mọ̀, tí mo fara balẹ̀ jókòó tì í, tí ohùn mi ò gbọ̀n.

Ọmọ tí mo jẹ́ lọ́jọ́ náà gbà pé ẹni tí kì í bẹ̀rù mọ́ là ń pè ní àgbà. Mo ti wá dàgbà tó láti mọ̀ pé mi ò tíì pàdé ẹni náà rí.